Orúkọ Tó Yẹ Kó Wà Nínú Ìwé Pátẹ́ǹtì Rẹ

Ṣọ́ọ̀bù mi, Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn.
Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán.

Ìtùnú ọmọ mi, Àdùkẹ́ mi àtàtà,

Má jáyà pé lẹ́tà dé bá ọ. Ara mi le, ara ìyá rẹ náà le, kò sì sí ìròyìn burúkú kankan. Mo mọ̀ pé a jọ sọ̀rọ̀ lórí fóònù lọ́jọ́ Àìkú, ṣùgbọ́n ìwọ náà mọ̀ mí. Bí ọ̀rọ̀ kan bá ti wọ̀ mí lára, n kì í lè sọ ọ́ dáadáa lórí fóònù. N ó kàn máa sọ pé "ó dáa, ó dáa" títí ìwọ yóò fi dágbére. Ìyá rẹ ló ní kí n jókòó kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Mo ti ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, mo ti gbá orí tábìlì iṣẹ́ mi mọ́, mo sì ti bẹ̀rẹ̀ báyìí.

Ọpẹ́ ni mo fẹ́ kọ́kọ́ dá. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ilé iṣẹ́ tó wà ní Ring Road yẹn gbà ọ́, tí wọ́n sì ní kí o wá máa darí iṣẹ́ lórí ohun tí ìwọ fúnra rẹ bẹ̀rẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìwọ náà. O ti fún mi láyọ̀ tí n kò rò pé ọmọ lè fún bàbá rẹ̀. Ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù mi láti ọjọ́ Ajé títí di òní ti gbọ́ nípa iṣẹ́ rẹ. Ó ti sú wọn, ṣùgbọ́n kò tíì sú mi.

Inú mi máa ń dùn bí mo bá rántí bó ṣe bẹ̀rẹ̀. O wà ní ọdún tó kẹ́yìn ní yunifásítì nígbà náà, ò ń gbé ní Agbowó. O wá bá mi níbí ní Sátidé kan, o ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kó ìyẹ̀fun pákó." Mo wo ìyẹ̀fun tí ayùn ti tú jọ sí gbogbo igun, èyí tí mo máa ń bẹ àwọn èèyàn kí wọ́n bá mi kó dànù. Mo ní, "Kí lo fẹ́ fi í ṣe?" O ní, "Mo fẹ́ gbin olú sí i, kí olú náà lẹ̀ ẹ́ pọ̀ di pákó." Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Dárí ẹ̀rín yẹn jì mí. O kò bínú. O di àpò mẹ́ta, o kó wọn sínú kẹ̀kẹ́, o lọ.

Lẹ́yìn náà lo mú mi lọ sí Mọníyà, sọ́dọ̀ Ìyá Kúdí, obìnrin tó ń gbin olú tó sì ń tà á fún àwọn òtẹ́ẹ̀lì. Ibẹ̀ ni mo ti fi ojú ara mi rí i. Ẹ ti se ìyẹ̀fun pákó náà, ẹ ti fi irúgbìn olú sí i, ẹ sì ti dì í sínú àpò ọ̀rá. Nígbà tí Ìyá Kúdí tú ọ̀kan, àwọn okùn funfun tín-ín-tín bí òwú ti wọ inú ìyẹ̀fun náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n ti so ó mọ́ra. O ṣàlàyé fún mi pé gbòǹgbò olú nìyẹn, pé olú tí à ń jẹ dà bí èso, pé àwọn okùn yìí gan-an ni igi tó so ó.

O ní, "Bí a bá mú kó gbẹ nínú ófùn, á kú, kò ní hù mọ́. Á wá di ohun tó le tó sì fúyẹ́. A lè fi rọ́pò fóòmù funfun tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣọ̀n sínú páálí. Fóòmù yẹn kì í jẹrà, Bàbá. Òun ló ń dí gọ́tà wa. Ṣùgbọ́n eléyìí, bí ẹ bá jù ú sóko, á di ilẹ̀."

Láti ìgbà èwe mi ni mo ti ń fi ọwọ́ mi ṣiṣẹ́ igi, n kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Síbẹ̀, n kò gbà ọ́ gbọ́. Nígbà tí o gbé pákó àkọ́kọ́ wá, mo kan ìṣó mọ́ ọn, ó fọ́ wúruwùru bí búrẹ́dì ọjọ́ mẹ́ta. Èkejì bu, ó di aláwọ̀ ewé, ó ń rùn, àwọn tí ẹ jọ ń gbé ní Agbowó sì fẹ́ lé ọ jáde. O wá síbí, o sunkún. O ní o máa fi í sílẹ̀, o máa wá iṣẹ́ olùkọ́ ṣe.

Ṣé o rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn? A jọ lọ sí Mọníyà lọ dá àpò Ìyá Kúdí padà fún wọn. Wọ́n gba pákó tó fọ́ náà lọ́wọ́ rẹ, wọ́n yí i síwá sẹ́yìn. Wọ́n ní, "Ìtùnú, ò ń jẹ́ kó sinmi jù. Àpò kan já bọ́ lọ́wọ́ mi níjọ́ kan, gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ fọ́ sílẹ̀. Mo kó o jọ padà torí n ò fẹ́ kó ṣòfò. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, èyí tó fọ́ yẹn le ju gbogbo àwọn tó kù lọ. Bó bá ti funfun tán, ìwọ fi ọwọ́ fọ́ ọ, kó o tún dì í mọ́ inú àpótí tó o fi ń mọ ọ́n lẹ́ẹ̀kejì. Kó o sì po èèpo ẹ̀gẹ́ gbígbẹ mọ́ ọn. Ebi ń pa á."

O ṣe bẹ́ẹ̀. Pákó tó jáde níbẹ̀ ni mo kan ìṣó mẹ́rin mọ́, tí kò fọ́. Mo jókòó tì í, mo ń fi ọwọ́ pa á.

Ó wá di ọjọ́ Àìkú tó kọjá. Lẹ́yìn tí o ti sọ ìròyìn ayọ̀ tán, ohùn rẹ yí padà. O ní ilé iṣẹ́ náà fẹ́ gba pátẹ́ǹtì lórí pákó yìí, wọ́n sì ti kọ ìwé tí ìwọ yóò tọwọ́ bọ̀. Ìyá rẹ béèrè ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. O ní, "Ìwé tí ìjọba ń fún ẹni tó kọ́kọ́ ronú kan ohun tuntun ni, Mọ́mì. Ẹlòmíràn ò ní lè ṣe é tà láìgba àṣẹ." Èmi wá béèrè pé orúkọ ta ni wọ́n kọ síbẹ̀.

O ní, "Tèmi àti ti ọ̀gá tó ń darí ilé iṣẹ́ náà. Mo béèrè nípa Ìyá Kúdí. Ọ̀gá náà ní àgbẹ̀ olú ni Ìyá Kúdí, pé wọn kì í ṣe onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, pé ká kàn fún wọn lẹ́bùn ká sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Kí lẹ rò, Bàbá?"

Mo ní kí o fún mi ní ọjọ́ díẹ̀. Kì í ṣe pé n kò mọ ohun tí mo rò. Ohun kan wà tí ó yẹ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ fún ọ, kí o lè mọ irú ẹnu tí ìmọ̀ràn náà ti ń jáde.

O mọ Bàbá Ṣakí, ọ̀rẹ́ mi tó máa ń wá kí wa, tó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di ìfági mú. Múráínà ni orúkọ rẹ̀. Èmi àti Múráínà la jọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan náà níbí ní Mọ́kọ́lá. Èmi wá láti Ìgbòho, òun wá láti Ṣakí. Èmi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi, òun ń kírun. Orí ẹní kan náà la jọ ń sùn, inú abọ́ kan náà la sì ti ń jẹun.

Lásìkò kan, híńjì irin ṣọ̀wọ́n gidi. Múráínà, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, wá gbẹ́ ìdè onígi kan tó jẹ́ pé àga á ká, á sì tún dúró gbọn-in bí o bá ṣí i, láìlo irin rárá. Èmi nìkan ló fi hàn. Kò pẹ́ sí i ni ìròyìn dé pé bàbá rẹ̀ ti kú, ó sì lọ sí Ṣakí lọ sìnkú. Ọjọ́ kejì tó lọ ni ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kan wá láti Challenge, ó fẹ́ ṣe àga fún àwọn ọmọ ilé ìwé rẹ̀. Ó rí àga Múráínà ní kọ̀rọ̀. Ó ká a, ó ṣí i, ó jókòó lé e, ó tún ká a. Ó ní, "Ta ló ṣe èyí?"

Ọ̀gá wa wo ojú mi.

"Èmi ni, sà," ni mo wí.

Àdùkẹ́, n kò pète rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó kàn jáde lẹ́nu mi ni. Ṣùgbọ́n mo ní gbogbo ọ̀sán yẹn láti tún un sọ, àti gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, n kò tún un sọ. Nítorí iṣẹ́ náà ni ọ̀gá fi fún mi ní fírídọ̀mù kí àsìkò mi tó pé, tí mo fi dá ṣọ́ọ̀bù yìí sílẹ̀. Nígbà tí Múráínà dé, àwọn àga náà ti tò níta. Ó wò wọ́n, ó wò mí. Ó ní, "Ìwọ lo ṣe é?" Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ń kó ìyẹ̀fun pákó jọ. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ó ti di ẹrù rẹ̀ padà sí Ṣakí.

Mo fẹ́ ìyá rẹ, iṣẹ́ ń gbòòrò, àwọn èèyàn ń yìn mí nítorí àga yẹn, mo sì ń gba ìyìn náà. Ìyá rẹ wà nínú oyún rẹ nígbà tí oníṣòwò kan láti Dùgbẹ̀ wá ra àga méjì. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, lẹ́tà dé láti ọ̀dọ̀ lọ́yà rẹ̀ pé oníṣòwò náà ti forúkọ àga náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba gẹ́gẹ́ bí ohun tí òun dá sílẹ̀, pé n kò gbọdọ̀ ṣe é mọ́. Mo sáré lọ bá lọ́yà tèmi. Ó ní, "Ṣé ẹ ní àwòrán rẹ̀? Ṣé ẹ ní ìwé kankan tí ẹ kọ ọjọ́ sí? Ta ló wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ kọ́kọ́ ṣe é?" N kò ní àwòrán. N kò ní ìwé. Ọ̀gá wa ti kú. Ẹnì kan ṣoṣo ló kù láyé tó lè jẹ́rìí sí i.

Mo wọ mọ́tò lọ sí Ṣakí. Mo bá Múráínà níwájú ilé rẹ̀, ó ń fá ilẹ̀kùn kan. Ẹgbẹ́ mi ni, ṣùgbọ́n mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú iyẹ̀pẹ̀. Mo ní, "Múráínà, wọ́n ti gba àga wa."

Ó ní, "Àga wa?"

Mo ní, "Àga rẹ. Èmi ni mo kọ́kọ́ jí i."

Ó gbé ìfági sílẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ gbé omi wá, ó padà wọlé. Lẹ́yìn náà ni Múráínà ní, "Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ni mo ti ń retí lẹ́nu rẹ láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá. Dìde. Bí mo bá tẹ̀lé ọ dé ọ̀dọ̀ lọ́yà, òótọ́ ni n ó sọ o. N ó ní èmi ni mo ṣe é, pé kì í ṣe ìwọ."

Mo ní, "Ohun tí mo fẹ́ kí o sọ nìyẹn."

Ó tẹ̀lé mi. Níwájú oníṣòwò náà àti lọ́yà rẹ̀, ó gba bírò, ó ya ìdè onígi yẹn láìwo ibì kankan, ó sì ń sọ ìdí tó fi gbẹ́ igun kọ̀ọ̀kan bó ṣe gbẹ́ ẹ. Wọ́n bi oníṣòwò náà ní ìdí tí ẹnu ìdè náà fi dagun. Kò mọ̀ ọ́n. Níkẹyìn, ìwé rẹ̀ kò dúró. Ṣùgbọ́n lọ́yà wa sọ fún wa pé àwa náà kò lè gba tiwa mọ́, torí pé ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń tà á ní gbangba, kì í ṣe ohun tuntun mọ́ lójú òfin. Ẹnikẹ́ni ló lè máa ṣe é. Bó ṣe parí nìyẹn. Kò sí ìwé kankan lónìí tó sọ pé Múráínà ló ṣe àga yẹn, àfi lẹ́tà tí ò ń kà yìí.

A jáde sí títì. Òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Àjàní, ebi ń pa mí. Wá fún mi lóúnjẹ." Ìdáríjì tó ṣe fún mi nìyẹn. N kò tíì dúpẹ́ rẹ̀ tán di òní.

O ti wá mọ̀ báyìí. Jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rò.

Ìkíní, orúkọ Ìyá Kúdí gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé náà. N kò sọ ọ́ nítorí àánú. Ní ọjọ́ Ajé, mo bi lọ́yà kan nínú ìjọ wa léèrè, ó ní ẹni tí ìrònú rẹ̀ wà nínú ohun tuntun náà ni òfin mọ̀ sí olùdásílẹ̀, òfin kò sì béèrè bóyá ó lọ sí yunifásítì. Fífọ́ ọ kí a tún un dì, àti èèpo ẹ̀gẹ́ yẹn, ta ló ronú rẹ̀? Ó tún ní bí wọ́n bá fi orúkọ ẹni tó yẹ sílẹ̀, tí wọ́n sì fi ti ẹni tí kò yẹ síbẹ̀, ẹlòmíràn lè fi ìyẹn dojú ìwé náà bolẹ̀ lọ́jọ́ iwájú. Sọ èyí fún ọ̀gá rẹ. Ó lè má fetí sí ọ̀rọ̀ ẹ̀rí ọkàn, ṣùgbọ́n á fetí sí èyí. Fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́, kí o sì fi ọ̀wọ̀ béèrè apá tí òun fúnra rẹ̀ ronú kàn nínú pákó náà.

Jọ̀ọ́, má kọ orúkọ tèmi o. Ìyẹ̀fun pákó ni mo fún ọ, mo sì fi ọ́ rẹ́rìn-ín. Wọn kì í gba pátẹ́ǹtì lórí ẹ̀rín.

Ìkejì, máa kọ iṣẹ́ rẹ sílẹ̀ lójoojúmọ́. Kọ ọjọ́, kọ ohun tí o pò pọ̀, kọ ẹni tó wà níbẹ̀, kí ẹnì kan sì bá ọ tọwọ́ bọ̀ ọ́. Kọ àwọn tó bu àti àwọn tó fọ́ pẹ̀lú. Bí Múráínà bá ti kọ ọjọ́ àti orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ níjọ́sí, èmi fúnra mi kò bá ti lè parọ́ yẹn.

Ìkẹta, má ṣàlàyé bí ẹ ṣe ń ṣe é fún ẹnikẹ́ni títí ìwé yóò fi wọlé sọ́dọ̀ ìjọba. Mo ti kìlọ̀ fún ìyá rẹ. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó gbé ọ̀kan nínú àwọn pákó rẹ lọ sí ìpàdé àwọn obìnrin ìjọ, ó gbé ìkòkò gbígbóná lé e, ó sì dìde dúró láti ṣàlàyé. Èmi tí mo wá mú un lọ sílé ni mo yára da orin bò ó lẹ́nu. Wọ́n rò pé ẹ̀mí ló gbé mi.

Ka ìwé ìgbàsíṣẹ́ rẹ láti òkè dé ìsàlẹ̀ kí o tó tọwọ́ bọ̀ ọ́. Àwọn ilé iṣẹ́ kan máa ń kọ ọ́ pé gbogbo ohun tí o bá ronú kàn ti di tiwọn. Ohun tí o ṣe ní ọ̀dọ̀ wọn, tiwọn ni, ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n o ti ṣe pákó yìí kí o tó mọ̀ wọ́n. Kí ìwé náà sọ bẹ́ẹ̀ kedere, kí o sì gbé e fún lọ́yà tìrẹ, kì í ṣe tiwọn.

Má sì jẹ́ kí wọ́n fi ọ́ ṣe ìlérí tí ọjà náà kò lè mú ṣẹ. Pákó tí o kàn sí òkè ilé ìdáná àǹtí rẹ ní Bódìjà, omi òjò wọ̀ ọ́, ó wú, ó já. Àǹtí rẹ kò sọ fún ọ torí kò fẹ́ bà ọ́ nínú jẹ́. Èmi ń sọ fún ọ. Ó dára fún dídi ẹrù, ó dára fún ibi tó gbẹ. Kò tíì dára fún ibi tí omi lè dé. Sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún àwọn oníbàárà, kí o sì máa wá ojútùú rẹ̀.

Ohun kan tí lọ́yà náà sọ wú mi lórí. Mo ti rò pé pátẹ́ǹtì jẹ́ ọ̀nà láti fi nǹkan pamọ́. Ó ní rárá, pé ẹni tó bá fẹ́ gbà á gbọ́dọ̀ kọ gbogbo bí wọ́n ṣe ń ṣe é sílẹ̀, kí ẹlòmíràn lè kà á, kí ó sì kọ́ ọgbọ́n níbẹ̀. Bí ọdún tí òfin fún un bá ti pé, ó di ti gbogbo ayé. Ìyẹn ni pé lọ́jọ́ kan, káfíńtà kan ní Ìgbòho tàbí ní Ṣakí á ka ohun tí ìwọ àti Ìyá Kúdí kọ, á sì fi ìyẹ̀fun pákó tirẹ̀ ṣe é láìsí ẹni tó máa bi í léèrè. Máa fi ìdùnnú retí ọjọ́ yẹn.

O lè máa bi ara rẹ pé, bí wọ́n bá kọ̀ jálẹ̀ ńkọ́? N kò lè bá ọ pinnu ìyẹn. Iṣẹ́ rẹ ni, ayé rẹ sì ni. Mo mọ iye ọdún tí o fi wá iṣẹ́. Bí o bá fi í sílẹ̀, yàrá rẹ ṣì wà, ìyá rẹ sì ń gbá a. Bí wọ́n bá gbà, èmi àti ìyá rẹ máa wá sí Ring Road wá wo ibi tí o ti ń ṣiṣẹ́. Ohun tí mo mọ̀ ni pé o lè tọwọ́ bọ ìwé yẹn kí n má mọ̀ láé, ṣùgbọ́n o dá a dúró, o sì pe bàbá rẹ. Mo dúpẹ́, ọmọ mi. Mo dúpẹ́ gidigidi. Ọlọ́run á lànà fún ọ, á sì fi àwọn olóòótọ́ èèyàn yí ọ ká.

Lánàá, mo lọ sí Mọníyà. N kò sọ nǹkan kan nípa pátẹ́ǹtì, torí ìwọ ló yẹ kí o sọ ọ́. Mo kàn sọ fún Ìyá Kúdí pé mo ń kọ lẹ́tà sí ọ, pé mo fẹ́ dárúkọ wọn nínú rẹ̀, n kò sì mọ orúkọ wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Wọ́n ní, "Orúkọ mi? Bàbá Ìtùnú, ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bi mí o. Ìyá Kúdí ni gbogbo èèyàn ń pè mí."

Wọ́n nu ọwọ́ wọn mọ́ ìró, wọ́n gba bírò lọ́wọ́ mi, wọ́n sì rọra kọ ọ́ sẹ́yìn páálí kan. Wọ́n wò ó títí kí wọ́n tó fà á lé mi lọ́wọ́. Páálí náà wà nínú àpòòwé yìí, ṣùgbọ́n n ó tún un kọ síbí kó má baà sọnù. Bí mo ṣe kọ ọ́ yìí gẹ́lẹ́ ni kí o kọ ọ́, kí o má ṣe gé e kúrú:

Sáfúrátù Àṣàkẹ́ Láwàl.

Èmi ni bàbá rẹ,
Àjàní.